Ìwé Tí Ràmátù Yá Lọ́wọ́ Ọ̀gá

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo ni ẹ ó ṣe jẹun, ẹ fetí sí tèmi náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń gba ìwé padà lọ́wọ́ àwọn tó yá a tí wọn kò dá a padà. Kì í ṣe ìwé gbèsè o. Ìwé kíkà ni: ìwé ìtàn, ìwé àdúrà, ìwé ìṣirò àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Nímọ́tà ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n ní àdúgbò Nkololoun ní Douala níbí kò sí ẹni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá Oníwèé ni wọ́n ń pè mí. Tí àwọn ọmọdé bá rí mi lókèèrè, wọ́n á sáré wọlé, wọ́n á kígbe pé, "Ìyá Oníwèé ń bọ̀ o!" Ìyá wọn á sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan. Òjòwú ni mí. Ènìyàn kì í sọ irú èyí nípa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti dàgbà ju kí n máa tan ara mi lọ. Owú ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí, owú náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọ̀ffà ni wọ́n ti bí mi. Bàbá mi ń ta aṣọ ní Douala, ó sì mú wa wá síbí nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Faransé. Èmi, ilé kéú àti ìdí ọjà ni wọ́n fi mí sí. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á tẹ́ ìwé wọn sórí ẹní, èmi á máa fọ àwo, ojú mi á sì wà lára ìwé náà. Owú wọn jẹ mí débi pé lọ́jọ́ kan, mo da ọbẹ̀ sórí ìwé ẹ̀gbọ́n mi àgbà, mo ní èèṣì ni. Kì í ṣe èèṣì.

Ọ̀gá Bùsàrí ló dá ilé ìkàwé náà sílẹ̀. Tíṣà àgbà ni nílé, ó fẹ̀yìn tì, ó wá bá ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Cameroon, kò sì lè jókòó lásán. Yàrá méjì ni ilé ìkàwé náà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan, ìró máṣìnì ìránṣọ kì í sì í dákẹ́ níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìwé Yorùbá wà níbẹ̀, ti Faransé wà, ti Gẹ̀ẹ́sì wà. Òun ló kọ́ mi ní kíkà Yorùbá lẹ́yìn tí mo ti bí ọmọ méjì, òun náà ló sì ní kí n wá máa bá òun lé àwọn ìwé tí kò padà wálé. Owó iṣẹ́ náà kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló wà nínú gbígba ìwé tí ènìyàn ń kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Odidi ọdún kan ni Ọ̀gá kò fi jẹ́ kí n la ẹnu nílé ẹnikẹ́ni. Báàgì ni mò ń gbé tẹ̀ lé e. Òfin rẹ̀ le. A kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ìwé títí onílé yóò fi fẹnu ara rẹ̀ béèrè pé, "Ṣé kò sí o?" Kí a tó débẹ̀, a ó ti kí i kú ilé, kú iṣẹ́, kú ìtọ́jú ọmọ, a ó sì ti béèrè àwọn ará ilé ní Nàìjíríà lọ́kọ̀ọ̀kan. A kò gbọ́dọ̀ béèrè ìwé lójú àna tàbí lójú oníbàárà. A kò gbọ́dọ̀ sọ pé, "Ẹ kò dá ìwé padà." Ohun tí à ń sọ ni pé, "Ìwé náà ti ń ṣàárò ilé." Èyí tó wá le jù ni pé a kò gbọ́dọ̀ jẹun nílé ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá a máa wí pé ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

Ní ọdún kejì, ó rán èmi nìkan sí Àlájà kan tó ń ta aṣọ ọmọdé. Àlájà gbé púfù-púfù àti ẹ̀wà kalẹ̀ níwájú mi. Ebi ń pa mí, òórùn rẹ̀ sì gba inú mi lọ. Mo jẹ mẹ́ta. Ìgbà tí mo jẹ ẹ́ tán, ojú ń tì mí láti dárúkọ ìwé, ni mo bá dúpẹ́, mo sì bá tèmi lọ. Ọ̀gá wo ojú mi bí mo ṣe wọlé.

"Nímọ́tà, ìwé dà?"

"Wọn ò sí nílé, Ọ̀gá."

"Wọn ò sí nílé, òróró wá ń dán ní ètè rẹ?"

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè.

"Púfù-púfù mélòó ni wọ́n ń ta ìwé kan báyìí?"

"Mẹ́ta, sà."

Ó ní kí n padà síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nínú oòrùn ọ̀sán gangan, kí n má sì wọ ọkọ̀ kankan. Àlájà rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, ó sì gbé ìwé náà fún mi. Láti ọjọ́ yẹn, omi lásán n kò mu nílé ayáwèé mọ́ fún bí ogún ọdún.

Ẹsẹ̀ la fi ń rìn nígbà náà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Ọ̀gá ní ká máa kọ lẹ́tà, ó sì ra àpòòwé. Àwọn ènìyàn gba lẹ́tà náà, wọ́n fi àpòòwé rẹ̀ di ẹ̀pà. Ìgbà tó yá, àwọn alùpùpù tí à ń pè ní bẹ́ńsíkìn kún ìgboro, mo sì lè dé àdúgbò Kotto lókèèrè kí oòrùn tó mú. Fóònù alágbèéká tún dé, mo rò pé ìsinmi ti dé nìyẹn. Irọ́ ni; wọ́n á wo nọ́ńbà mi, wọn ò ní gbé e. Ẹni tí kò bá fẹ́ rí ọ, kò sí irin iṣẹ́ tí ó lè mú un fún ọ.

Nígbà náà ni Ràmátù dé. Ọmọ Ìwó ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ní àdúgbò New Bell níbí ni wọ́n ti bí i, ó sì ti kàwé Faransé jáde. Ó rẹwà, ẹ̀rín kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ nìkan ni kò já gaara. Ọ̀gá ní kí n kọ́ ọ níṣẹ́, bí òun ṣe kọ́ èmi.

Ìyá kan wà ní Kotto tí mo ti ń lọ sílé rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta nítorí ìwé ìtàn kan. Mo mú Ràmátù dání lọ síbẹ̀. Èmi ń kí ìyá náà kú ilé, kú iṣẹ́, Ràmátù ti jókòó ti abọ́ ndolé, ọbẹ̀ ewúro àwọn ará ibí, ó ń jẹ, ó ní kí wọ́n bù sí i. Ó nu ọwọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tàntí, ìwé wa ńkọ́?" Ìyá náà dìde, ó gbé ìwé náà wá, ó sì tún di oúnjẹ fún un lọ sílé. Mo sáré lọ ròyìn fún Ọ̀gá pé ọmọ yìí jẹun nílé ayáwèé. Mo ti ń fojú inú rí i nínú oòrùn. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín débi pé ó ń wúkọ́. "Ọmọ yìí mà kúkú gbọ́n o," ó ní. Ó ku díẹ̀ kí n bú sẹ́kún. Èmi jẹ púfù-púfù mẹ́ta, ó lé mi sínú oòrùn. Òun jẹ odidi abọ́ ndolé, ó di ọmọ tó gbọ́n.

Kò tán síbẹ̀. Ràmátù bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò àyè tó ṣófo lórí pẹpẹ ìwé wa, ó ń fi í ránṣẹ́ lórí Wásáàpù sí ẹni tí ìwé ibẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ibi tí ìwé yín ń sùn nìyí." Àwọn ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ ara wọn wá, ìwé lọ́wọ́, ẹ̀rín lẹ́nu. Inú gbogbo ayé dùn. Inú tèmi kò dùn rárá. Ọ̀gá ti ń darúgbó nígbà náà, ó ti ń gbàgbé nǹkan, ó sì ti ń sọ ọ́ pé láìpẹ́ òun yóò fa kọ́kọ́rọ́ ilé ìkàwé lé ọ̀kan nínú àwa méjèèjì lọ́wọ́. Mo fẹ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn ju bí mo ṣe fẹ́ oúnjẹ lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ní tí Ràmátù kò ní: Yorùbá. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí, "yá". Ní Faransé, ọ̀rọ̀ méjì ni. Ẹni tó fún ènìyàn ní ìwé lò, "prêter" ni tirẹ̀. Ẹni tó gbà á, "emprunter" ni tirẹ̀. Àwa, "yá" kan náà là ń lò fún méjèèjì, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ló ń sọ ibi tí ìwé gbà. Mo yá a ní ìwé: èmi ni mo fún un. Mo yá ìwé lọ́wọ́ rẹ̀: èmi ni mo gbà á. Ràmátù kò mọ èyí. Lójú tirẹ̀, "lọ́wọ́" túmọ̀ sí pé òun fi ìwé lé ẹni náà lọ́wọ́. Tó bá ti fún Àlájì kan ní ìwé, á ní, "Mo yá ìwé lọ́wọ́ Àlájì."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi délé. Mo sọ ọ́ fún àwọn obìnrin ìdí ọjà, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Èmi tí wọ́n ní kí n kọ́ ọ, n kò sọ fún un pé ó ṣì í. Tó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wa, èmi á yọ́ tún un kọ nírọ̀lẹ́. Kì í ṣe nítorí tirẹ̀. Mo mọ̀ pé èmi ni Ọ̀gá yóò bi pé kí ni mo ń kọ́ ọ. Mo fẹ́ kí ó máa ṣì í lọ bẹ́ẹ̀, kí n lè ní ohun tí n ó fi jù ú lọ.

Ìwé kan wà tí a kì í yá ẹnikẹ́ni. Ìwé Orúkọ là ń pè é. Ọwọ́ ni Ọ̀gá fi kọ ọ́: àwọn ìdílé Yorùbá tó wà ní Douala, ìlú wọn, agboolé wọn, àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà láyé. Lọ́jọ́ kan, àwọn àgbà mẹ́ta wá sọ́dọ̀ wa nítorí ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan tó fẹ́ fẹ́ ara wọn. Wọ́n fẹ́ wò ó bóyá agboolé kan náà ni wọ́n. Ọ̀gá na ọwọ́ sí pẹpẹ, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀. Lábẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan tí mo ti lọ sí Kotto, tí n kò sì padà síbi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́ láti tún un kọ, ó bá ìlà kan tí Ràmátù kọ: "Mo yá Ìwé Orúkọ lọ́wọ́ Ọ̀gá."

"Ràmátù," ó ní, "ìwé náà dà?"

"Ọ̀gá, mo yá a lọ́wọ́ yín."

"Mo rí i pé o yá a lọ́wọ́ mi. N kò rántí pé mo fún ọ, ṣùgbọ́n o ti kọ ọ́. Gbé e wá."

"Rárá, Ọ̀gá. Mo yá a lọ́wọ́ yín! Lọ́wọ́ yín!"

"Ṣé adití ni mí ni? Dá a padà!"

Ó bẹ̀rẹ̀ Faransé. Ọ̀gá gbá tábìlì. Òfin ilé wa ni pé Yorùbá nìkan ni à ń sọ níbẹ̀, kí àwọn ọmọ lè gbọ́ ọ. "Yorùbá!" ó ní. "Má sọ Faransé sí mi!" Àwọn àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń mi orí. Ràmátù yíjú sí mi.

Mo mọ̀. Bí mo ṣe gbọ́ gbólóhùn náà ni mo mọ̀ pé Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé náà lọ sílé, tó sì ti gbàgbé. Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà níbẹ̀. Mo tẹrí ba, mo ń to ìwé tí wọ́n ti tò tẹ́lẹ̀.

Wọ́n lé Ràmátù lọ. Ní oṣù kejì, Ọ̀gá fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó sì lọ sinmi lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Kotto. Ẹ rò pé owú tán? Àwọn ènìyàn ń bi mí pé, "Ọmọ ẹlẹ́rìn-ín yẹn dà?" Wọn kò dẹ́kun bíbéèrè rẹ̀, kódà àwọn tó ń pè é ní olè. Ìwé kò sì padà wálé mọ́ bíi ti àtijọ́. Èmi tí mò ń wọ gbogbo ilé kiri Douala, n kò wá Ìwé Orúkọ dé yàrá Ọ̀gá. Mo lọ kí i lọ́pọ̀ ìgbà, àga ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mo máa ń jókòó sí. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ rí i.

Ọdún mẹ́sàn-án kọjá. Ọ̀gá jáde láyé. Ó ku oṣù mélòó kan kí n fẹ̀yìn tì nígbà tí ọmọ rẹ̀ pè mí pé kí n wá kó àwọn ìwé tó wà ní yàrá bàbá òun. Nínú àpò awọ kan ni mo ti bá Ìwé Orúkọ, pẹ̀lú bébà tí Ọ̀gá ti ń da orúkọ kọ, tí kò sì parí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì òkú náà.

"Ìyá, ṣé ìwé ilé ìkàwé ni?" ọmọ rẹ̀ béèrè.

Mo ní, "Òun ni. Ó ti pẹ́ tí a ti ń wá a."

Ràmátù ti ní ṣọ́ọ̀bù ìwé àti bírò ní Akwa láàárín ìlú báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bánkì kan. Gíláàsì ni iwájú rẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù wà nínú rẹ̀, ọmọbìnrin méjì sì ń pè é ní Madame. Mo dúró ní òdì kejì títì, owú sì tún dé. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bá wá, síbẹ̀ mò ń jowú gíláàsì rẹ̀. Bí mo ṣe wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Tàntí. Ọjọ́ kan pẹ̀lú. Ṣé àlàáfíà ni?"

Yorùbá rẹ̀ ti já gaara. Ìyẹn náà, mo jowú rẹ̀. Mo gbé ìwé náà sórí káńtà. Ó wò ó, kò fọwọ́ kàn án.

"Yàrá Ọ̀gá ni mo ti rí i," mo ní. "Ràmátù, mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ."

"Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀."

"O mọ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá sọ ọ́. N kò mọ ohun tó ń pa yín lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi yé yín. Ẹ̀yin ni mo ń wò lọ́jọ́ yẹn."

"Kí ló wá dé tí o kò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Mo sọ fún bàbá mi ní Faransé. Wọ́n ní àgbà bíi Ọ̀gá kì í purọ́. Àwọn yòókù ńkọ́? Yorùbá wo ni mo ní nígbà náà, Tàntí?"

Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó dì mí mú.

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Ọmọ mi ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún méje ni. Ní ilé kéú, wọ́n ń pè é ní ọmọ Ajíwèé. Ó bi mí bóyá òótọ́ ni. Ẹ sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, kí ẹ sì sọ ọ́ ní Faransé, torí kò gbọ́ Yorùbá."

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ tí mo ṣe, mo ti gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó fi í ti ẹsẹ̀ àga, lọ́wọ́ ẹni tó bú mi, lọ́wọ́ ẹni tó tú ajá sí mi. Kò sí èyí tó nira tó ìpàdé àwọn ará wa lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Mo dìde, mo gbé Ìwé Orúkọ sókè, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá, láìfi owú mi pamọ́. Mo wá yíjú sí ọmọ náà, tó jókòó ti ìyá rẹ̀ ní ìlà kejì. Faransé tèmi, Faransé ọjà ni: èló ni, ó ti wọ́n jù, ẹ dín in kù.

"Ta maman n'a pas volé," mo ní, pé ìyá rẹ̀ kò jí ìwé. "Ta maman a... a emprunté le livre à Ọ̀gá."

Ojú ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì: mo ti sọ pé ìyá rẹ̀ ló gba ìwé lọ́wọ́ Ọ̀gá. Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Kí ẹ̀rín náà tó jáde, Ràmátù ti dìde dúró.

"Prêté, Tàntí," ó ní, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "Ẹ ní: a prêté."

"A prêté," mo ní. "Ta maman a prêté le livre à Ọ̀gá."

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó sì gbé orí sókè.

Mo jókòó. Mo ti jowú ẹwà ọmọbìnrin yìí rí, mo ti jowú ẹ̀rín rẹ̀, mo sì ti jowú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ṣì, kò jẹ́ kí ó tutù lẹ́nu mi kí ó tó bá mi tún un ṣe. Èmi fi ọdún mẹ́sàn-án dákẹ́. Bó ṣe yára dìde yẹn ni mò ń jowú títí di òní.